Níbi ìsìnkú àwọn ará Samoa, kí ló dé tí àwọn àgbà ń du ẹni tó máa sọ̀rọ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Auckland:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi là yé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní New Zealand tàbí Ọsirélíà. Èmi ò tíì pẹ́ níbí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní South Auckland, ọmọ Samoa, ìyẹn orílẹ̀-èdè erékùṣù kan lórí òkun Pàsífíìkì, sì pọ̀ nínú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ló kú, wọ́n ní ká wá, mo bá lọ. Mo rò pé ká kọrin, ká gbàdúrà, ká jẹun, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ ni. Háà!

Ẹbí kan á dé láti ṣọ́ọ̀ṣì kan tàbí láti abúlé kan, wọ́n á tò síta, àwọn bàbá bíi mẹ́rin márùn-ún á bọ́ síwájú, ọ̀pá gígùn lọ́wọ́ wọn, nǹkan kan tó dà bí ìrùkẹ̀rẹ̀ léjìká wọn, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn fa ọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́ ni o, kò sí ariwo, àmọ́ ẹ máa rí i pé ẹnì kankan ò fẹ́ gbà fún ẹnìkejì. Títí títí, èèyàn á ti se ìrẹsì jinná. Àwọn onílé kàn jókòó wọ́n ń wò wọ́n, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe kíá, èmi nìkan lara ń ta. Ìgbà tó yá ọ̀kan borí, àwọn yòókù jókòó, òun wá fi ọ̀pá gúnlẹ̀, ó ju ìrùkẹ̀rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kò wo ìwé, kò gba máìkì, ohùn ẹ̀ sì dé ojú títì. Àwọn èèyàn ń dá a lóhùn pé mālie! mālie! Bó ṣe parí báyìí wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé owó fún un.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó hàn gbangba pé òun ni gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún, kò la ẹnu ẹ̀ rárá.

Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé ṣé ìjà ni, ó ní rárá, pé fa'atau ni wọ́n ń ṣe, ó sì bá ti ẹ̀ lọ torí àlejò pọ̀. Kí ni fa'atau? Kí ló dé tí ọ̀gá wọn ò sọ̀rọ̀? Ṣé bí alága ìdúró tiwa ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yẹn ni? Mo fẹ́ mọ̀ o, torí wọ́n tún ti pè mí sí saofa'i ẹ̀gbọ́n ẹ̀, pé wọ́n fẹ́ fi í joyè, mi ò sì fẹ́ lọ jókòó bíi sùgọ́mù.

Bàbá_Māngere:

Àbúrò mi, bá mi kí ọ̀rẹ́ ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá ẹ̀. Ọmọ Samoa ni mo fẹ́, bàbá ìyàwó mi gan-an tulāfale ni, ojú mi ti rí i débi pé mi ò wo aago mọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó joyè láàárín wọn, matai ni wọ́n ń pè é, oríṣi méjì ló sì pín sí. Ali'i ni ìjòyè tí iyì ìdílé wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tulāfale ni ẹnu. Níbi ayẹyẹ ńlá, ali'i kì í sábà sọ̀rọ̀ níwájú èrò tí tulāfale ẹ̀ bá wà níbẹ̀, á jókòó, á dákẹ́, ẹnu ẹlòmíì lọ̀rọ̀ ẹ̀ ti máa jáde. Bàbá tó o rí tó jókòó bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ò kàn án yẹn, òun lọ̀rọ̀ kàn jù. Àwọn kan wà tí oyè wọn pa méjèèjì pọ̀, àmọ́ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ó máa da orí rú.

Ó wá ku fa'atau. Tí abúlé kan bá dé pẹ̀lú tulāfale mẹ́rin, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀, oyè kálukú ló ní ìtàn tiẹ̀. Ọ̀kan á ní èmi ni, oyè tèmi ló ti ń dúró níwájú ẹ̀yin ará ibí látayébáyé. Èkejì á ní òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ilé tèmi ni ìyá olóògbé ti wá. Ẹ̀kẹta á ní ẹ̀yin àgbà ẹ sinmi, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé ẹrù yìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni gbogbo ẹ̀, èébú kan ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń wọn ara wọn wò. Nígbà míì ẹ̀, kí wọ́n tó kúrò nílé ni wọ́n ti mọ ẹni tó máa sọ ọ́, síbẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ du ú. Ẹni tó bá kàn dìde tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ti tẹ oyè àwọn yòókù mọ́lẹ̀ níta gbangba nìyẹn. Inú àwọn onílé gan-an ò ní dùn, torí àwọn náà fẹ́ rí i pé èèyàn ńlá ńlá ló ń du àǹfààní àtibá wọn sọ̀rọ̀. Ara tó ń ta ẹ́ yẹn, iyì ni wọ́n ń kó fún ìyá ọ̀rẹ́ ẹ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ jù lè jà á gbà tán kó wá gbé e fún kékeré inú wọn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí àna mi ṣe é, ó bá wọn du ú, ó du ú, gbogbo wọn gbà fún un, ó wá yíjú sí àbúrò ẹ̀ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè, ó ní ó yá. Ojú ọmọkùnrin yẹn! Òógùn bo, àmọ́ ó sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé bàbá yẹn ò kọ́kọ́ du ú ni, kí ló máa rí gbé fún un?

Kì í ṣe ìrù ẹran ni ìrùkẹ̀rẹ̀ yẹn o. Fue lorúkọ ẹ̀, okùn tí wọ́n fi èèpo àgbọn hun ni, wọ́n á dì í mọ́ igi. Ọ̀pá yẹn ni to'oto'o. Tó bá jẹ́ ìta ni, lórí malae, ìyẹn ìta gbangba abúlé, ìdúró ló ti máa sọ ọ́, tòun ti ọ̀pá. Tó bá jẹ́ inú ilé, ìjókòó ni, á ká ẹsẹ̀ sábẹ́. Ilé wọn lọ́hùn-ún kò ní ògiri, òpó ló yí i ká, òpó kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó ń fẹ̀yìn tì í. Àwọn ali'i ló ń jókòó sí igun méjèèjì tó rí róbótó, àwọn tulāfale ló ń jókòó síwájú. Àlejò tó bá lọ fẹ̀yìn ti òpó tí kì í ṣe tiẹ̀, wọn ò ní bá a wí, àmọ́ wọ́n á ti rí i.

Alága ìdúró kọ́ o. Alága ìdúró, owó la fi ń pè é, ẹbí kẹ́bí ló sì lè bá ṣiṣẹ́. Tulāfale kò lè sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò bá tan.

Àbẹ̀kẹ́_Auckland:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Kí wá ni wọ́n ń sọ nínú ẹ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀? Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí, Auckland níbí ni wọ́n bí i, ó ń gbọ́ Samoa dáadáa, òun náà ní púpọ̀ nínú ẹ̀ ò yé òun.

Gbédègbẹyọ̀:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, ìmọ̀ èdè ni mo kà, mo sì ti jókòó ti àwọn bàbá yìí dáadáa nígbà tí mo wà ní Wellington.

Lāuga ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ yé, ẹ kọ́kọ́ gbàgbé pé ó fẹ́ sọ nǹkan tuntun fún yín. Ohun tó wá ṣe ni kó to gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ sí ipò wọn. Ọ̀nà tó ń gbà, ó lè yàtọ̀ díẹ̀ láti abúlé dé abúlé, àmọ́ á kọ́kọ́ ṣí ọ̀rọ̀, á kan sáárá sí 'ava, ìyẹn ohun mímu tí wọ́n fi gbòǹgbò igi ṣe, tí wọ́n mu tàbí tí wọ́n fẹ́ mu, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó tó wá dé orí ohun tí wọ́n ń pè ní taeao. Àwọn òwúrọ̀ ni taeao, ìyẹn àwọn òwúrọ̀ ńlá tí nǹkan yí padà ní Samoa. Èyí tẹ́ ẹ máa gbọ́ jù ni òwúrọ̀ Mataniu Feagaimaleata, ìyẹn ní Sapapali'i ní erékùṣù Savai'i, níbi tí míṣọ́nnárì John Williams ti gbé ìhìn rere dé ọ̀dọ̀ ìjòyè ńlá Malietoa Vainu'upo ní 1830. Tulāfale á ka àwọn òwúrọ̀ yìí tán, á wá ní àmọ́ òwúrọ̀ òní yìí gan-an, tá a pàdé nítorí òkú yìí, òun náà ti wọ ẹgbẹ́ wọn. Ẹ wò ó bó ṣe mú ìsìnkú ìyá kan ní South Auckland, tó lọ gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn orílẹ̀-èdè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni pa'ia, níbi tó ti máa ki àwọn oyè tó wà níbẹ̀. Fa'alupega ni wọ́n ń pè é, abúlé kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ẹ má fi oríkì wò ó o, torí oríkì tiwa lè máa yin ẹnì kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fa'alupega kì í sọ pé ẹnì kan dára, oyè tó wà lábúlé yẹn ló ń kà, ta ló ṣáájú ta, ta lọmọ ta, àwọn wo ló ń pa ẹnu pọ̀ sọ̀rọ̀. Tó o bá fo ọ̀kan, ìjọ̀ngbọ̀n. Tó o bá pè é sí ipò tí kì í ṣe tiẹ̀, ìjọ̀ngbọ̀n tó ju ìyẹn lọ. Tulāfale tó bá ń lọ sí abúlé tí kò mọ̀ dáadáa, á jókòó ti èèyàn kan lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, á kọ́ ọ. Ibi tí ẹ̀rù wà jù ni ìran, gafa. Ọ̀rọ̀ ilé ni gafa, wọn kì í tú u síta, torí ilẹ̀ àti oyè wà lórí ẹ̀. Tí tulāfale kan bá ti ń sún mọ́ ọn jù, ọ̀kan láti apá kejì lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu lọ́nà ọ̀wọ̀, pé ẹ ti ṣe é ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi, a ti gbọ́. Seu ni wọ́n ń pe ìyẹn, inú ẹyẹlé tí wọ́n ń fi àwọ̀n mú ni wọ́n ti fà á yọ. Òun tó ń sọ̀rọ̀ náà lè máà gbà, á ní rárá ẹ jẹ́ kí n parí. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè á rò pé ìwà àrífín ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó bá wọn wá gan-an, èyí lè máà ju ìdá kékeré lọ nínú ẹ̀. Ó wá parí ẹ̀ sórí àdúrà, pé kí ojú ọ̀run àwọn ali'i mọ́ kedere, kí ìlera wà.

Ìdí tí ọmọ yẹn ò fi gbọ́ ọ ni pé Samoa ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ń pe ilé ara ẹ̀, fale ni. Ilé ali'i, maota ni. Ilé tulāfale, laoa ni. Tí ọmọdé bá wá, sau. Tí ali'i bá wá, afio mai, àwọn ali'i míì sì wà tó jẹ́ susu mai ni wọ́n máa sọ fún wọn, wọ́n tún ń fi í kí pásítọ̀. Tulāfale, maliu mai. Kò tán síbẹ̀ o, tó o bá fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ yìí sọ̀rọ̀ ara ẹ, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi ẹ́ rín. Gbogbo èyí la ó wá pa pọ̀ mọ́ òwe, tó jẹ́ pé ìdajì ẹ̀ ti ara ẹja pípa àti ẹyẹlé dídẹ wá, níbo lọmọ Auckland ti máa rí ẹyẹlé dẹ?

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìwé àti lórí rédíò, wọ́n á pe t ní t. Tí wọ́n bá délé tàbí tí wọ́n ń pariwo lójú títì, gbogbo t á di k, tagata á di kagaka. Èmi rò pé lāuga tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbà máa jẹ́ t. Rárá o! K ni. Èdè tí tíṣà fi ń na ọmọ nílé ìwé pé kò dáa, òun ni àwọn bàbá fi ń sọ ọ̀rọ̀ tó níyì jù lọ lábúlé. Alessandro Duranti, onímọ̀ kan tó gbé abúlé Falefā ní erékùṣù Upolu ní ìparí àwọn ọdún 1970, ti ṣe àlàyé ẹ̀ dáadáa.

Tóbi_Brisbane:

Ẹ kú àlàyé o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ díẹ̀. Owó ni. Àwọn ará Samoa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wáhàòsì níbí, tí fa'alavelave, ìyẹn ìnáwó ẹbí, bá ti dé, kódà kó jẹ́ ìsìnkú ẹni tí wọn ò rí rí, wọ́n á lọ yá owó ní bánkì. Ó sì di ọwọ́ àwọn onífàájì tó ń fi ọ̀pá gúnlẹ̀ yẹn. Ọmọ tó ń da wọn lówó ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ọ̀gbẹ́ni Gbédè sì ti jẹ́rìí sí i. Tí mo bá jẹ́ wọn, èmi náà máa du ú dáadáa!

Bàbá_Māngere:

@Tóbi, o ò parọ́ nínú ti gbèsè. Mo ti rí ilé tó fi ọ̀rọ̀ fa'alavelave tú, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, àwọn kan ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde òkú pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹní wá. Lafo ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń fún tulāfale, ẹní dáradára tàbí owó. Àwọn tó jọ du ọ̀rọ̀ náà kì í sábà lọ lọ́wọ́ òfo. Àmọ́ àna mi tí mo sọ yẹn, bí owó yẹn ṣe ń wọlé ló ń jáde, torí ìsìnkú mìíràn ti ń dúró dè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ilé tiwọn ló sì kàn láti gbé nǹkan dání. Ilé alájà kan ni kò fi kọ́, mo bá a gbé nínú ẹ̀.

Ibi tí mi ò ti gbà fún ẹ ni "onífàájì" tó o pè wọ́n. Ó yẹ kó o mọ ohun tí ẹnu àwọn èèyàn yìí ti ṣe. Láyé àtijọ́, ali'i tó bá fẹ́ jẹ́ Tui A'ana, ọ̀kan nínú àwọn oyè tó ga jù, àwọn tulāfale abúlé Leulumoega ló máa fi í jẹ ẹ́. Tó bá fẹ́ jẹ́ Tui Atua, àwọn ti abúlé Lufilufi ni. Ẹni tí oyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ga jù bá bọ́ sí lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè ní tafa'ifā, obìnrin kan, Salamasina, ló kọ́kọ́ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ. Ẹgbẹ́ àwọn tulāfale Upolu yìí ni Tumua, tàwọn ará Savai'i ni Pule. Bó ti wù kí ẹ̀jẹ̀ ọba tó wà lára ẹ pọ̀ tó, bí wọn ò bá pè ẹ́, o ò tíì jẹ nǹkan kan.

Àwọn ará Jámánì tó gba ibẹ̀ ní 1900 tètè mọ̀. Wilhelm Solf tó jẹ́ gómìnà wọn kéde ní 1905 pé òun ti fagi lé Tumua àti Pule. Ṣé ẹni tó ń ṣe fàájì lèèyàn ń fi òfin lé kúrò nílẹ̀? Ní 1908, Lauaki Namulau'ulu Mamoe, tulāfale Safotulafai ní Savai'i, ẹni tí wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó o nígbà ayé ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn jọ lòdì sí Jámánì, Mau a Pule ni wọ́n pe ẹgbẹ́ náà. Solf ní láti ránṣẹ́ pe ọkọ̀ ojú omi ológun. Ní 1909 wọ́n kó Lauaki àti àwọn ìjòyè míì tòun taya tọmọ, ó di Saipan, ìrìn àjò ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí òkun. Ìgbà tí New Zealand gba Samoa mọ́ Jámánì lọ́wọ́ ní 1914 ni ọ̀nà tó là fún wọn láti padà, Lauaki ò sì délé, ojú ọ̀nà ló kú sí ní 1915.

Bàbá arúgbó tó jẹ́ pé fue ló mú dání. Ọkọ̀ ogun ni wọ́n fi wá mú un.

Tóbi_Brisbane:

Ó dáa, mo gbà fún yín lórí ti Lauaki. Gbèsè ò yí padà ṣá.

Ìyá_Ẹ̀jìrẹ́:

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ ti ń sọ̀rọ̀ láàárín ara yín bí àwọn tí ẹ ń sọ ọ́ nípa wọn 😂 Obìnrin ńkọ́? Obìnrin lè jẹ matai o. Fiame Naomi Mata'afa, ọmọ ogún ọdún ló wà tó ti gba oyè Fiame, òun náà ló di olórí ìjọba obìnrin àkọ́kọ́ ní Samoa ní 2021. Àwọn obìnrin tulāfale wà, mo ti gbọ́ ọ̀kan níbí rí tí gbogbo họ́ọ̀lù pa lọ́lọ́. Àmọ́ àwọn abúlé kan ṣì wà lọ́hùn-ún tí wọn ò gbà kí obìnrin joyè rárá, ibi tí wọ́n sì ti gbà gan-an, iye àwọn tó jẹ ẹ́ kéré sí tọkùnrin jìnnà. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń sọ pé gbogbo èèyàn ni lāuga ń tò sí ipò wọn, ẹ rántí àwọn tó wà ní kíṣìnì.

Àbẹ̀kẹ́, nípa ẹní tó o rí, ọwọ́ àwọn obìnrin ni ìyẹn ti wá. 'Ie toga. Ewé ni wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tí wọ́n fi hun ún, èyí tó dáa rọ̀ bí aṣọ, ẹyọ kan lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, àtàtà ẹ̀ tiẹ̀ lè gba ọdún. UNESCO ti kọ iṣẹ́ yẹn sínú àwọn ohun àjogúnbá aráyé ní 2019. Tulāfale tí kò ní ẹní lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹnu lásán ló ń jà.

Ibi tó o ti máa rí bí méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni ifoga, ìyẹn ìtọrọ àforíjì níta gbangba. Ká ní ọmọ ilé kan pa ọmọ ilé kejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹbí ẹni tó ṣẹ̀ á ti wá jókòó síwájú ilé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀, olórí wọn á dorí kodò, 'ie toga ló máa bò ó. Wọn ò ní sọ nǹkan kan. Oòrùn á yọ, á máa pa wọ́n. Àwọn tó wà nínú ilé lè jáde wá pẹ̀lú àdá o, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Tí wọ́n bá gbà, ẹnì kan á jáde wá ṣí ẹní yẹn kúrò lórí ẹ̀, ìgbà yẹn ni tulāfale tó lè la ẹnu. Ní August 2021, Jacinda Ardern, tó jẹ́ olórí ìjọba New Zealand nígbà yẹn, jókòó sábẹ́ ẹní bẹ́ẹ̀ ní Auckland Town Hall nígbà tí ìjọba New Zealand ń tọrọ àforíjì fún bí ọlọ́pàá ṣe ń já wọ ilé àwọn ará erékùṣù láàárọ̀ kùtù láàárín àwọn ọdún 1970 pé ìwé wọn ò pé. Mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó jẹ́ olórí ìjọba, ẹní bò ó mọ́lẹ̀, gbogbo họ́ọ̀lù dákẹ́, ẹ sì mọ̀ pé àwọn olóṣèlú kì í lè dákẹ́.

Gbédègbẹyọ̀:

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ ti gbé e dé ibi tó dùn. Mo fẹ́ fi kan kún un torí ohun tí Tóbi ń rò, pé ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lásán ni gbogbo ẹ̀. Lāuga ibi ayẹyẹ lẹ ń rí níta. Nínú fono, ìyẹn ìpàdé àwọn matai abúlé, lāuga á kúrú, òun ló kàn ń ṣílẹ̀kùn, lẹ́yìn náà wọ́n á wọ inú ọ̀rọ̀ gan-an: ta ló jí ẹlẹ́dẹ̀ ta, ta ló ta ilẹ̀, ta ló ṣe ìlérí nígbà ìbò tí kò mú un ṣẹ. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ pọ̀. Wọ́n lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan láì dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan náà, nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ó parí. Ìgbà tí tulāfale kan bá wá tò ó sójú kan pé lágbájá ló ṣe é, gbogbo ilé á mọ̀ pé ìjà ti dé. Ẹni tó ní agbára nìkan ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní tó bá sọ ọ́, wọ́n lè bu ìtanràn lé e: ẹlẹ́dẹ̀, páálí ẹja alágolo, nígbà míì kí wọ́n tiẹ̀ lé e kúrò lábúlé.

Ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, wọ́n ń kọ́ ọ o. Lọ wo Polyfest ní Auckland, ó ti wà láti 1976, àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ń díje lórí ọ̀rọ̀ sísọ ní èdè Samoa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún á dúró, á ka taeao, á ki fa'alupega, kò ní wo ìwé. Àwọn àgbà kan ń ráhùn pé àkọ́sórí ni, pé kò tíì sin àgbà débi tó fi máa mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n ní òwe kan, o le ala i le pule o le tautua, pé ìsìn ni ọ̀nà tó lọ sídìí àṣẹ. Èmi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ kí ọmọ kọ́ ọ sórí ná, mo rò pé ìyẹn sàn ju kó má gbọ́ nǹkan kan.

Àbẹ̀kẹ́_Auckland:

Ẹ̀yin èèyàn yìí, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo dárúkọ Lauaki fún un, ó ní ta ló kọ́ mi! Kí ni kí n ṣe níbi saofa'i yẹn kí n má bà á dójú ti ara mi?

Bàbá_Māngere:

Wọ aṣọ tó bo ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá wà ní ìjókòó, má dúró máa rìn kiri níwájú wọn, tó bá di dandan kó o kọjá, tẹ̀ ba, kó o máa wí pé tulou, tulou, títí wàá fi kọjá. Tí wọ́n bá ń pín 'ava, gbogbo nǹkan dákẹ́ nìyẹn, má gbé fóònù. Wàá gbọ́ tí ẹnì kan ń ké orúkọ kọ̀ọ̀kan jáde bí wọ́n ṣe ń gbé ife lọ, ali'i á ní orúkọ ife tiẹ̀, tulāfale ò ní, ibẹ̀ náà lo ti máa mọ irú ẹni tí kálukú jẹ́. Tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ, da díẹ̀ sílẹ̀, mu ún, dá ife padà. Ó korò díẹ̀, ahọ́n ẹ máa kú fúngbà díẹ̀. Fi owó sínú ẹnfilóòpù kó o fún ọ̀rẹ́ ẹ kó tó dọjọ́ náà, má gbé e fún tulāfale kankan fúnra ẹ.

Kó o tó lọ, bi í pé oyè wo ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fẹ́ jẹ. Tó bá jẹ́ ali'i, á jókòó, ó parí. Tó bá jẹ́ tulāfale, wọ́n máa ní kó dìde lọ́jọ́ yẹn náà kó sọ lāuga ẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn àgbà tulāfale tó wá láti Samoa á sì wà níwájú ẹ̀ tí wọ́n ń dúró de ibi tó máa ti ṣì í kí wọ́n lè seu un. Jókòó síbi tí wàá ti rí ojú ẹ̀.

Tóbi_Brisbane:

Ẹ jọ̀ọ́, bá wa ya fídíò ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Auckland:

Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n má gbé fóònù ni o! Mo ti bi í léèrè ṣá. Tulāfale ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Sọ́ńdè.